Àtàǹpàkò Orí Ìwé Moríyọ̀

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n rí gèlè àti bàtà Moríyọ̀ létí odò, ọjọ́ Ẹtì kan náà sì ni ìwé ìròyìn wọ Ìlá láti Ìbàdàn. Kí oòrùn tó gòkè, ìlú ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ọmọ ti bómi lọ. Àwọn kan ní tíṣà ló ti gbẹ̀mí rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Hezekiah Àjíṣafẹ́ ka ìwé ìròyìn náà lórí ìdúró, níwájú àgọ́ àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Àkọlé rẹ̀ ni ÌYÀWÓ TUNTUN SÁ TẸ̀LÉ TÍṢÀ. Wọ́n ní Moríyọ̀, ọmọ ogún ọdún, tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà ní kóòtù pé òun fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ògúntúndé, onímọ́tò pàtàkì, fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà ìgbéyàwó, àti pé tíṣà kan tí kò nítìjú ló tàn án lọ. Wọ́n fi ìmọ̀ràn parí rẹ̀ pé kí àwọn òbí ṣọ́ra, nítorí ìwé tí a ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ló ń sọ wọ́n di alárìnkiri.

Kí Àjíṣafẹ́ tó di ọlọ́pàá, ọdún méje ló fi bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà lọ́jà Ọ̀tan Ayégbajú. Iṣẹ́ yẹn ló là á létí. Ó ti gbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ ohun kan tí òmíràn ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó kàwé tán, ó bi ọlọ́pàá kékeré tó wà nídìí tábìlì pé ta ló sọ ọjọ́ orí ọmọ náà fún oníròyìn. Ìyẹn ní inú ìwé kóòtù ni wọ́n ti rí i. Ó tún bi í bóyá oníròyìn fẹsẹ̀ kan Ìlá rárá. Ìyẹn ní rárá, akọ̀wé kóòtù ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i.

“A jẹ́ pé oníròyìn yìí ò fojú kan ọmọ náà rí,” ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó gba ọ̀nà odò lọ.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Moríyọ̀ ti di àwátì. Ẹni tí gbogbo ìlú ń tọ́ka sí ni Tíṣà Ọláníyì, olùkọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ bá bàbá ọmọ náà nílé pé kó má mú un kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ó tún kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ, ó sì sọ ọ́ létí ọjà pé òun ò ní dákẹ́. Ọ̀rọ̀ etí ọjà yẹn ló gbé e dé àhámọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ nìyí níbẹ̀.

Àwọn òmùwẹ̀ ti wà nínú odò nígbà tí Sájẹ́ǹtì dé. Gèlè aláró náà wà lórí àpáta, bàtà rọ́bà méjèèjì sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògúntúndé dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn awakọ̀ rẹ̀. Èèyàn bí ọmọ àádọ́ta ọdún ni, ó tóbi, kì í pariwo, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ ju pé kí wọ́n yọ òkú ìyàwó òun jáde, kí tíṣà sì rí ohun tó ń wá.

Sájẹ́ǹtì lóṣòó ti àpáta náà. Ìrì ti rin gbogbo koríko etí odò, àpáta fúnra rẹ̀ sì tutù. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gèlè. Ó gbẹ. Ó kíyè sí i pé wọ́n ká a sí mẹ́ta, wọ́n sì yí etí rẹ̀ méjèèjì sínú kó má baà tú.

Ó dìde, ó sọ fún Ògúntúndé pé ìrì ò kan aṣọ náà, nítorí náà àárọ̀ yìí ni ẹnì kan gbé e síbẹ̀, lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́. Tíṣà sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò òun. Ògúntúndé ní tíṣà lè rán èèyàn. Sájẹ́ǹtì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè rán èèyàn. Ó ní kí àwọn òmùwẹ̀ jáde nínú omi.

Bó ti ń padà lọ, ìkáṣọ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kú sódò kì í ṣe wàhálà etí aṣọ. Ẹni tó fi aṣọ ṣiṣẹ́ jẹun ni ọwọ́ rẹ̀ ń ká a bẹ́ẹ̀ láìronú.

Ó bá Ọ̀ṣuntóyìn, bàbá Moríyọ̀, lórí pèpéle ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan síwájú. Ejò ló bù ú ṣán lóko lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ náà ò sì padà bọ̀ sípò. Ó ròyìn ọjọ́ náà fún Sájẹ́ǹtì bí ẹni ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì: bí wọ́n ti gbé e dé ojú títì, bí mọ́tò mẹ́ta ti kọjá lára rẹ̀, bí Ògúntúndé ti dúró, tó da iṣu oníṣu sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kí àyè lè gba òun, tó sì sáré gbé òun dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ ní wákàtí kan sí i, ó ti tán. Kí ni èèyàn fi ń san irú oore bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Ògúntúndé wá ní òun fẹ́ràn Moríyọ̀, ẹnu wo ni òun bàbá rẹ̀ fẹ́ fi kọ̀?

Sájẹ́ǹtì yí ojú sí ìta. Ó ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré pé orúkọ ọmọ náà dùn, Moríyọ̀, pé ayọ̀ wo ni wọ́n rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ọ̀ṣuntóyìn rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Kì í ṣe ayọ̀, Sájẹ́ǹtì. Iyọ̀ ni. Ẹ ò rántí ọdún tí ogun Hítílà lé iyọ̀ kúrò lọ́jà? Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i ni ẹnì kan fi ife iyọ̀ kan ta wá lọ́rẹ. Gbogbo agboolé ló tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ní, ‘Mo rí iyọ̀ lónìí.’”

Sájẹ́ǹtì rántí. Ó rántí iye lẹ́tà tí òun kọ lọ́dún náà fún àwọn ìyá tó ń bẹ ọmọ wọn ní Èkó pé kí wọ́n fi iyọ̀ ránṣẹ́. Ogun ti wọ ọdún kẹrin nígbà náà. Ọdún 1956 ni wọ́n sì wà yìí. Bó ti wù kéèyàn fa ìṣirò náà gùn tó, ọmọ náà kò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ.

Ọ̀ṣuntóyìn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Akọ̀wé kóòtù ti lọ sí Òṣogbo. Bàbá Dàda, akódà kóòtù, ló ṣí ìwé ńlá náà fún Sájẹ́ǹtì. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sí débi pé ó nu tábìlì kó tó gbé ìwé lé e. Ó wà níbẹ̀ kedere: Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Máàṣì, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Moríyọ̀ Ọ̀ṣuntóyìn, ọmọ ogún ọdún. A bi í léèrè, ó gbà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́.

Sájẹ́ǹtì gbé ìwé náà súnmọ́ fèrèsé. Àmì náà fẹ̀. Ìlà funfun kan sì dá a sí méjì ní ìbú, bí ọ̀nà tó la oko kọjá.

Ó bẹ Bàbá Dàda pé kó ròyìn bó ṣe lọ.

“Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, ọmọ mi,” ni bàbá náà wí. “Ògúntúndé wá, Ọ̀ṣuntóyìn wá. Ìyàwó wọlé tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìbòjú. Mo ní kí wọ́n jókòó. Akọ̀wé bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ọkọ, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé yíǹkì sún mọ́ wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn tẹ̀ ẹ́.”

“Àwọn mélòó ló tẹ̀ ẹ́, Bàbá?”

“Ìyàwó nìkan ni.”

“Ìyàwó nìkan. Ọmọbìnrin tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ yín. Ẹ sì ń pè é ní wọ́n.”

Bàbá Dàda tún wo àmì náà. Ó jókòó sórí àga akọ̀wé, ibi tí kò jókòó sí rí láti ogún ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun rí ẹsẹ̀ ìyàwó náà nígbà tí òun ń gbé yíǹkì. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán. Ó sì mí kanlẹ̀ kó tó jókòó, bí àgbàlagbà tí eékún ń dùn.

“Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n,” ni ó wí, “èmi fúnra mi ni mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n.”

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Sájẹ́ǹtì ní fún Tíṣà Ọláníyì, ojú wíndò àhámọ́ ló sì ti bi í: ǹjẹ́ Moríyọ̀ lè kọ orúkọ ara rẹ̀? Tíṣà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n ti kún lẹ́nu, wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín. Ó ní ọmọ náà wà ní kíláàsì kẹrin, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju ti òun olùkọ́ lọ. Ó júwe kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ọmọ sí.

Nínú kíláàsì náà, Sájẹ́ǹtì rí ìwé àpèkọ Moríyọ̀ láàárín àwọn ìwé tó kù. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà gbọọrọ. Ó ṣí i títí tó fi kan Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Máàṣì. Ojú ewé kan gbáko, yíǹkì pupa tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó wo ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Àárọ̀, ó wà. Ọ̀sán, ó wà. Lásìkò tí ìyàwó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ní kóòtù, Moríyọ̀ jókòó nínú kíláàsì yìí, ó ń kọ ohun tí olùkọ́ ń pè.

Ó jókòó sórí àga kékeré kan, eékún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó to ọ̀rọ̀ náà jọ. Obìnrin kan ló dúró ní ipò ọmọ náà ní kóòtù. Obìnrin náà ti dàgbà, ohun mímú kan sì ti la àtàǹpàkò òsì rẹ̀ rí. Ẹni tó gbé gèlè ọmọ náà lọ sétí odò láàárọ̀ yìí ń fi iṣẹ́ aṣọ jẹun, ó sì sún mọ́ ọmọ náà débi tí gèlè rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ rò pé èèyàn méjì ni wọ́n, ọ̀tá kan àti ọ̀rẹ́ kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wá sí i lọ́kàn pé ẹnì kan lè jẹ́ méjèèjì.

Ìyádùnní, ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntóyìn, wà nídìí òfì rẹ̀, ó ń hun kíjìpá. Opó ni, òun ló sì tọ́ Moríyọ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó dìde, ó kí Sájẹ́ǹtì, ó bu omi wá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá fún un. Àpá náà wà lórí àtàǹpàkò òsì, ó là á kọjá ní ìbú.

Sájẹ́ǹtì mu omi tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Ìyá, láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹni tí mo pàdé nílùú yìí tí kò bi mí bóyá a ti rí ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọ nìkan lẹ ò bi mí.”

Ìyádùnní wo òfì rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìsunkún. Lẹ́tà tí tíṣà kọ ló ba Ògúntúndé lẹ́rù, ó ní òun fẹ́ ìwé kóòtù kí ẹnikẹ́ni má baà bi òun léèrè lọ́la. Wọ́n sì mọ̀ pé bí akọ̀wé bá rí Moríyọ̀, yóò rí i pé ọmọdé ni. Àbúrò òun àti Ògúntúndé wá bẹ òun pé kí òun dúró fún un. Wọ́n ní ìwé lásán ni, ìwé kọ́ ni ìgbéyàwó. Òun gbà, nítorí òun náà wà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n da iṣu sílẹ̀ nítorí àbúrò òun.

Lọ́jọ́ kẹta ìgbéyàwó, ó gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ náà. Ó bá a ní igun yàrá níbi tó kọjú sí ògiri. Kò kí i, kò jẹun. Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà bi í bóyá wọ́n ṣì ń pe orúkọ òun ní ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, Ìyádùnní gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà wọlé, ó mú un jáde, wọ́n gba ọ̀nà oko dé Òkè-Ìlá, sọ́dọ̀ Àmínátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń pa aró. Lánàá ló gbọ́ pé Ògúntúndé fẹ́ lọ tú Òkè-Ìlá wò láti ilé dé ilé. Ìdí nìyẹn tó fi gbé gèlè àti bàtà ọmọ náà lọ sétí odò.

“Mo rò pé bí wọ́n bá ti sunkún rẹ̀ tán, wọ́n á fi í sílẹ̀,” ni ó wí.

“Tíṣà ńkọ́?”

Ìyádùnní tẹ orí ba. Ó ní gbogbo àárọ̀ ni òun ń bi ara òun ní ìbéèrè yẹn, òun ò sì rí ìdáhùn tó dára.

Ọjọ́ kejì ni Sájẹ́ǹtì lọ sí Òkè-Ìlá. Kò wọ aṣọ iṣẹ́ lọ. Àmínátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì kọ́kọ́ fẹ́ jẹ́ kó wọlé. Moríyọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wé òwú mọ́ igi. Ó kéré ju bí Sájẹ́ǹtì ti rò lọ. Nígbà tó kúnlẹ̀ kí i, ó tún sún sẹ́yìn.

Sájẹ́ǹtì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí i díẹ̀. Ó sọ fún un pé òun ti rí àpèkọ rẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ tí òun ṣì kọ yẹn, òun mọ̀ ọ́n, ojú ló kán òun. Lẹ́yìn èyí ni Sájẹ́ǹtì bi í ní ohun tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó ní ìwé kóòtù sọ pé ó gbà láti fẹ́ ọkọ, ìwé ìròyìn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó gbà?

Moríyọ̀ wé òwú náà mọ́ igi lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún.

“Wọ́n fi mí dúpẹ́ ni, sà,” ni ó wí. “Ohun tí wọ́n bá fi dúpẹ́, ẹnikẹ́ni kì í bi í.”

Ọjọ́ Ajé ni kóòtù jókòó. Bàbá Dàda ló kọ́kọ́ jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú adájọ́ ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n gbé ìwé kóòtù àti ìwé àpèkọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n ní kí Ìyádùnní tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ lórí bébà, ìlà funfun náà sì yọ bí ó ti yọ lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀ṣuntóyìn bú sẹ́kún, wọ́n mú un jáde, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n lè kọ sílẹ̀.

Ògúntúndé ní òun ò mọ ẹni tó wà lábẹ́ ìbòjú. Ìyádùnní ní ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni, kò sì sí ẹ̀rí mìíràn. Sájẹ́ǹtì bi Ògúntúndé nígbà náà pé ká fi ọ̀rọ̀ ìbòjú sílẹ̀, nígbà tí ọmọ náà dé ilé rẹ̀ tó ṣí ojú rẹ̀, kí ló rí?

Ògúntúndé wò ó pẹ́. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀, ìyàlẹ́nu ni.

“Ìyàwó mi ni mo rí,” ni ó wí. “Sájẹ́ǹtì, nínú gbogbo ìyàwó tó wà nílùú yìí, èwo ni wọ́n bi?”

Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, wọ́n tó ogún. Kò sí èyí tó yí ojú wo ẹnìkejì rẹ̀.

Adájọ́ fa ìwé náà ya. Ó ní kí wọ́n tú Tíṣà sílẹ̀, kí Moríyọ̀ sì wà lọ́dọ̀ Àmínátù, kó máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Òkè-Ìlá. Nípa àṣà fífi ọmọ fọ́kọ, ó ní wọn ò gbé ìyẹn wá síwájú òun, ìwé èké ni wọ́n gbé wá. Òfin sì mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Ó rán Ìyádùnní lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ògúntúndé jáde, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Àjíṣafẹ́ jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin sí ìwé ìròyìn Ìbàdàn, bí ó ti máa ń kọ ọ́ ní Ọ̀tan, ó sì fi gbogbo ẹ̀rí sínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tẹ ìlà mẹ́ta jáde nísàlẹ̀ ojú ewé kẹfà: wọ́n ti rí ìyàwó tó sá lọ, obìnrin kan sì ti lọ sẹ́wọ̀n nítorí àtàǹpàkò èké. Ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pe Moríyọ̀.

Kí ìyẹn tó jáde, òun fúnra rẹ̀ ló mú Ìyádùnní lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àwọn àpò gààrí, ìyá náà gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n ti kúrò ní Ìlá tipẹ́ kí Sájẹ́ǹtì tó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni ìyá náà fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í fọ́kọ.

Ìyádùnní rò ó. Ó rò ó tọkàntọkàn, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò tíì bi í rí.

“Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà tèmi, wọn ò tilẹ̀ wá àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni.”

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tí àwọn àpò sì ń yí, Sájẹ́ǹtì gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé itan ara rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Iléṣà.